Èkejì Sooting dà?

Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí a parí ìdánrawò, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù jókòó sílẹ̀, ó ń gbọn iyanrìn kúrò nínú bàtà rẹ̀. Jẹ́sì Arsenal ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Kóòṣì, bàbá mi ní ẹgbẹ́ ńlá méjì ló wà n'Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, bíi ti Manchester. Ṣé òótọ́ ni?" Mo ní òótọ́ ni. Ó ní, "Èkejì wá dà?"

Mo ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn àgbà náà, ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Sooting, ìyẹn Shooting Stars, ni àkọ́bí. WNDC ló ń jẹ́ nígbà kan, orúkọ àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀ Oòrùn tó ni ín. Nígbà tó di ti àjọ ìjọba mìíràn, ó di IICC, kó tó wá di 3SC tí a mọ̀ lónìí. Ní 1976, òun ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife Áfíríkà: wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní 4-1 nílé, wọ́n pàdánù 1-0 lọ́hùn-ún, ife sì di tiwa. Segun Odegbami àti Muda Lawal wà lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọdún yẹn jẹ́ fún Ìbàdàn, kó lọ bi bàbá ẹ̀ tàbí bàbá bàbá ẹ̀, kó sì múra láti jókòó pẹ́.

Ní 1982 ni ilé iṣẹ́ Leventis gbé Leventis United kalẹ̀ nínú ìlú kan náà. Ìpele ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n owó wà, wọn ò sì pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gba Challenge Cup, ife ilẹ̀ Nàìjíríà, ní 1984, wọ́n tún gbà á ní 1986, wọ́n sì fi líìgì kún un lọ́dún yẹn. Ọdún mẹ́rin péré! Ẹgbẹ́ mìíràn ti pé ogójì ọdún tí kò rí ẹyọ kan gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ní 1984, Sooting dé àṣekágbá ife àwọn aṣáájú Áfíríkà. Zamalek ti Káírò nà wọ́n ní 2-0 lọ́hùn-ún, wọ́n tún wá fi 1-0 kún un l'Ékòó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Leventis náà dé àṣekágbá ife Áfíríkà kejì, ti àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Ta ni wọ́n pàdé? Al Ahly, ará Káírò kan náà. Wọ́n pàdánù 2-0 ní Íjíbítì, 1-0 tí wọ́n fi borí nílé ò sì tó. Ọmọ Ìbàdàn méjì, ọmọ Káírò méjì, láàárín ọdún méjì.

Àwọn ará Káírò méjèèjì ṣì wà títí dòní, wọ́n ṣì ń bá ara wọn fà á. Ahly ti wà láti 1907, Zamalek láti 1911. Zamalek alára ti pààrọ̀ orúkọ léraléra. Ó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ ọba Farouk rí, títí wọ́n fi lé ọba náà kúrò ní 1952. Àmọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò yan ààrẹ ẹgbẹ́ méjèèjì. Ọba lọ o, olówó kú o, ọmọ ẹgbẹ́ ṣì wà.

Leventis ò ní irú ìyẹn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ṣíwọ́ owó, ẹgbẹ́ tú ká kí ẹ̀wádún yẹn tó parí. Mi ò bú wọn: owó wọn ni, wọ́n sì gbé bọ́ọ̀lù gidi fún wa wò. Ṣùgbọ́n Sooting, tí owó ìjọba kì í sábà dé bọ̀rọ̀ fún, tó ti já kúrò ní líìgì àgbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, máa ń padà wá ni. Ó gba ife CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ní 1992. Ní 1996 ó tún bá Zamalek pàdé ní àṣekágbá. Oníkálukú borí nílé ní 2-1, pẹnáríti ló yà wọ́n, a sì tún sunkún. Pápá Adamásingbà tó ń lò, orúkọ Lekan Salami, alátìlẹyìn rẹ̀, ló ń jẹ́. Ta ló sọ pápá lórúkọ alátìlẹyìn Leventis?

Nítorí náà, bí olówó kan bá wá sí àdúgbò yín pé òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ ẹ bi í kí ẹ tó fi ọmọ yín sílẹ̀: orúkọ ta ló wà lórí ìwé ẹgbẹ́? Ta ló ni pápá? Bí owó yín bá dáwọ́ dúró lọ́la, ta ni yóò di káàdì ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí mú? Ẹ jẹ́ kó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó so okùn bàtà rẹ̀. Ó ní, "Kóòṣì, ṣé ẹ mọ ibi tí mo ti lè rí jẹ́sì Leventis rà?" Mo ní kó lọ yẹ ìsàlẹ̀ àpótí bàbá rẹ̀ wò.