Agbọ́n tí ò tó orí abẹ́rẹ́, tí a ò tíì sọ lórúkọ

Bí mo bá dúró sábẹ́ igi máńgòrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí mò ń ṣí ẹ̀yìn ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn máa ń rò pé nǹkan ti ń ṣe mí ni. Lọ́jọ́ kan màmá tó ń sun àgbàdo nítòsí bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń wá lẹ́yìn ewé látàárọ̀?" Mo ní, "Agbọ́n ni mo ń wá, mà." Kíá ni wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n ní kí n má kó nǹkan tó ń ta èèyàn wá bá àwọn o!

Eléyìí ò lè ta èèyàn jàre. Ẹ mú rúlà ọmọ ilé-ìwé, kẹ́ ẹ wo mílímítà kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn míì ò tiẹ̀ tó o rárá. Èyí tó kéré jù tí wọ́n tíì rí láyé, Dicopomorpha echmepterygis, akọ ẹ̀ lè má ju 0.139 mílímítà lọ, kò níyẹ̀ẹ́, kò ríran. Iṣẹ́ tí abo wọn ń ṣe ni pé á gún kòkòrò míì, á yé ẹyin sí i lára, ẹyin á di ìdin, ìdin á máa jẹ kòkòrò yẹn láti inú títí táá fi kú. Ìkà ni lóòótọ́, àmọ́ ìkà tó ń ṣe wá láǹfààní ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní máńgòrò lẹ́yìnkùlé, ẹ á ti rí kòkòrò kan tó funfun bíi pé wọ́n da láfún sí i lára, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé, tí omi dídùn ara ẹ̀ á máa kán sórí ewé ìsàlẹ̀ tí nǹkan dúdú bí èédú á wá hù sí i. Láti Éṣíà ló ti wá, nǹkan bíi ìbẹ̀rẹ̀ 1980s ló wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò sì lórúkọ kankan nínú ìwé títí di 1986 tí onímọ̀ kòkòrò kan, D. J. Williams, sọ ọ́ ní Rastrococcus invadens. Agbọ́n tó ń pa á, láti Íńdíà ni wọ́n ti mú u wá, wọ́n sì ti tú u sílẹ̀ ní Togo ní 1987, ìgbà tó di 1988 ni John Noyes, onímọ̀ agbọ́n, tó wá ṣàpèjúwe ẹ̀, tó pè é ní Gyranusoidea tebygi. Ẹ ò rí i, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ.

Ti ẹ̀gẹ́ ló burú jù. Kòkòrò funfun míì ló ń jẹ ẹ́ run káàkiri Áfíríkà láti 1970s, àwọn tó ń wá agbọ́n tó máa pa á lọ sápá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n rí kòkòrò tó jọ ọ́ bí ìbejì, wọ́n kó àwọn agbọ́n tó ń jẹ ẹ́, àṣé kì í ṣe òun! Oríṣi míì ni, àwọn agbọ́n yẹn ò sì wúlò fún tiwa. Ìgbà tí wọ́n rí èyí gan-an ní Paraguay ní 1981 ni wọ́n tó rí agbọ́n tó tọ́, wọ́n sì tú u sílẹ̀ lẹ́bàá Ìbàdàn lọ́dún yẹn náà. Ẹni tó ṣáájú iṣẹ́ náà, Hans Herren, gba World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ oúnjẹ, ní 1995. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nídìí agbọ́n.

Báwo la ṣe ń wo ilé wá? Bẹ́ ẹ bá rí kòkòrò funfun yẹn tó ti wú, tó gbẹ, tó le bí èèpo ẹ̀pà, agbọ́n ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń já ewé náà sínú ìgò, màá fi aṣọ fẹ́lẹ́ di ẹnu ẹ̀, màá dúró. Tó bá yá, ihò róbótó kan á lu lẹ́yìn ẹ̀, agbọ́n á yọ orí. Inú ọtí líle ni yóò bọ́ sí, lẹ́yìn náà màá fi búrọ́ọ̀ṣì tí mo gé kù fọ́nrán kan ṣoṣo gbé e sórí gíláàsì lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ibí yìí lèèyàn ò gbọdọ̀ mí. Mo ti fi ìmú fẹ́ ọ̀kan dànù rí, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáà, ìyẹn lọ́jọ́ tí iná lọ tí mo mí kanlẹ̀ láìmọ̀.

Oríkèé ìwo ẹ̀ la máa kà, iye irun tó wà létí ìyẹ́, bí abẹ́rẹ́ tó fi ń yé ẹyin ṣe gùn tó. Títóbi ò ṣeé gbára lé, torí agbọ́n tó jáde látinú kòkòrò kékeré náà á kéré. Akọ àti abo sì lè yàtọ̀ débi tí wọ́n ti fún wọn lórúkọ méjì rí bíi pé wọn ì í ṣe ọ̀kan. A tún máa ń yẹ DNA wò, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i, ojú ni baba. Ká tó ní tuntun ni, ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí gbogbo àwọn tí wọ́n ti sọ lórúkọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyọ àkọ́kọ́ wọn, ìyẹn èyí tí wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ, sì wà ní mùsíọ́mù ní London, kì í ṣe lẹ́yìnkùlé mi. Àwa náà á wá yan ẹyọ kan tí orúkọ tuntun máa rọ̀ mọ́, a ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ibi báyìí ló wà, kẹ́lòmíì lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kan kì í sì í sọ ọ́ ní orúkọ ara ẹ̀ o, ìtìjú ni.

Bẹ́ ẹ bá rí àwọn gbígbẹ tí wọ́n ní ihò yẹn lórí máńgòrò yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì fín oògùn. Agbọ́n lẹ máa kọ́kọ́ pa.

Ọ̀kan ṣì wà nínú ìgò lójú fèrèsé mi báyìí, ìwo ẹ̀ ò jọ ti èyí tí mo mọ̀, àmọ́ akọ ni, mi ò sì lè fi akọ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Màmá alágbàdo bi mí pé ṣé mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo ní ó di ìgbà tí abo bá jáde. Wọ́n ní ọjọ́ kẹjọ mà la ń sọmọ lórúkọ. Mo ní tèmi lè di ọdún kẹjọ, mà.