Èèpo ọ̀gànwó

Ọ̀gànwó (Khaya senegalensis) jẹ́ igi ńlá inú ọ̀dàn, ọmọ ìyá dongoyárò. Madaci ni àwọn Haúsá ń pè é. Ní Kàdúná àti Zaria, wọ́n gbìn ín sẹ́bàá títì nítorí ibòòji rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ Yorùbá tó wà ní Abuja ń ta èèpo rẹ̀ fún àgbo ibà, aràn àti inú rírun.

Bí a bá fi àdá ṣá èèpo náà, inú rẹ̀ pọ́n, omi pupa a sì máa sun jáde. Àwọn èròjà limonoid ló mú un korò. Tannin ni tirẹ̀ ló ń mú kí ẹnu fún pọ̀, òun náà ló sì ń fa pípọ́n omi àgbo. Saponin wà níbẹ̀ pẹ̀lú: bí a bá mi omi èèpo nínú ìgò, á hó, ìfófòó náà kì í sì tètè rọlẹ̀. Ọtí ń fa limonoid jáde ju omi lọ, ìdí nìyí tí èyí tí a rẹ sínú ọtí kò fi rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí a sè.

A kì í se é nínú ìkòkò irin. Tannin á so mọ́ irin, àgbo á sì dúdú bí aró. Ìkòkò amọ̀ ló yẹ ẹ́. Nínú ikùn náà, tannin lè so mọ́ irin inú oúnjẹ, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kí ara má rí i gbà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí àwọn kan ń mu àgbo yìí fún àìtó ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n tún ń fi lé oògùn ẹ̀jẹ̀ ọsibítù lórí. Ó yẹ kí wákàtí díẹ̀ wà láàárín méjèèjì.

Tóóró kan lóòró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, ni kí a bó. Abẹ́ èèpo ni oúnjẹ tí ewé sè ń gbà dé gbòǹgbò. Bí a bá bó o yíká, ebi á pa gbòǹgbò, igi á sì kú lórí ìdúró. Kí a gé èèpo wẹ́wẹ́, kí a sá a síbòòji títí á fi máa dá pọ́kà. Èyí tí a dì sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì tutù á bu. Dídà nù ni, fífọ̀ kò ràn án.

Ní ilé àyẹ̀wò, ohun tí wọ́n fà jáde nínú èèpo yìí ti dènà kòkòrò ibà Plasmodium falciparum. Ṣùgbọ́n nínú eku, ìwọ̀n tó pọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ ti ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Kí aboyún má mu ún rárá. Nọ́ḿbà NAFDAC lára ìgò àgbo kò túmọ̀ sí pé àjọ náà ti yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára ìgò náà gan-an pé àjọ náà kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.