Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé RV lọ sáṣálẹ̀ Arizona, omi lẹ máa kọ́kọ́ ṣírò o

Tó bá ti ń di oṣù kẹwàá báyìí, àwọn èèyàn wa tó wà ní Houston, Dallas, títí dé Maryland, á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí, "bọ̀dá, a fẹ́ háyà RV ká wá sùn sínú aṣálẹ̀ nígbà ọlidé, èló la máa fi ra epo, ṣé ejò ò pọ̀ níbẹ̀?" Iṣẹ́ RV, ìyẹn mọ́tò ńlá tó ní ibùsùn, kíṣìnnì àti báfù nínú, ni mò ń ṣe ní Phoenix, mo máa ń tún un ṣe, mo sì máa ń múra ẹ̀ sílẹ̀ fáwọn tó fẹ́ háyà, torí náà ìbéèrè kì í sú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Epo kọ́ ló máa lé yín kúrò láṣálẹ̀, ilé epo wà lójú títì. Ejò náà kọ́. Omi ni, bóyá èyí tó mọ́ ló tán ni o, tàbí èyí tó dọ̀tí ló kún.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ilẹ̀ tá à ń lọ ná. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Bureau of Land Management, BLM la máa ń pè é, ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 245 éékà, apá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ sì wà. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ yìí ẹ lè wakọ̀ wọlé kẹ́ ẹ páàkì kẹ́ ẹ sùn, kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ọjọ́ 14 láàárín ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà máa ń fàyè gbà, lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ kẹ́rù lọ síbòmíì. Kò síná, kò sómi ẹ̀rọ, kò sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní boondocking. Àmọ́ pé ilẹ̀ ò ní ọgbà ò ní kó má ní ẹni tó ni ín o. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní State Trust Land, ìyẹn ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ ní láti gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó sùn síbẹ̀, ilẹ̀ àwọn Native American náà wà ládùúgbò yẹn, tiwọn sì ni, òfin tiwọn lẹ máa tẹ̀ lé. Ẹ wa máàpù tó ń fi ẹni tó ni ilẹ̀ hàn sórí fóònù yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ibi tí mo máa ń ní káwọn tó ń lọ fúngbà àkọ́kọ́ lọ ni Quartzsite, ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà I-10, bíi wákàtí méjì láti Phoenix tẹ́ ẹ bá ń lọ sápá California. Ní gúúsù ìlú yẹn ni La Posa wà, ilẹ̀ BLM náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbowó níbẹ̀ láti September 15 sí April 15: $180 ni wọ́n ń gbà fún gbogbo sáà yẹn, $40 fún ọjọ́ 14 (ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gbéra, owó ìjọba kì í dúró lójú kan). Àwọn kan á ní kí làwọn ń sanwó fún nígbà tí ti ọ̀fẹ́ wà nítòsí. Ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún ni omi àti dump station, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti máa dà omi ìdọ̀tí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, $40 yẹn ò wọ́n rárá lójú tèmi.

Ó yá, ẹ mú bírò. RV tí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin sábà máa ń háyà, táǹkì omi mímọ́ inú ẹ̀ á gbà tó gálọ́ọ̀nù 40, ká pè é ní lítà 150. Omi mímu nìkan, ẹ ṣírò lítà mẹ́rin fẹ́nì kan lójúmọ́, ó kéré tán, ìyẹn lítà 16 fún ẹni mẹ́rin (èmi ò kí ń mu ti inú táǹkì, inú jálá ọ̀tọ̀ ni mo máa ń gbé ti mímu sí, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta omi ní gálọ́ọ̀nù gálọ́ọ̀nù wà ní Quartzsite). Ibi tí omi ti ń run gan-an ni ṣáwà. Ṣáwà inú RV lè máa tú bíi lítà méje jáde ní ìṣẹ́jú kan, tí ọmọ yín bá wá dúró sábẹ́ ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá bó ṣe máa ń ṣe nílé, ó ti jẹ nǹkan bí ìdajì táǹkì nìyẹn, ẹni mẹ́ta yòókù ò tíì fojú kan omi! Ibi tó sì ti dùn mọ́ mi nìyí, torí àwa tá a dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo mọ bí wọ́n ṣe ń fi korobá kan wẹ̀ tára á mọ́ tónítóní, lítà mẹ́rin tó fún àgbàlagbà tó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ mú korobá àti ike dání. Àwọn òyìnbó tí mo ń gbé RV fún, wọ́n máa ń wo korobá yẹn tìyanu tìyanu.

Abọ́ fífọ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má se ẹ̀gúsí níbẹ̀. Mi ò ṣàwàdà. Ìkòkò tó ní epo pupa ń jẹ omi gbígbóná àti ọṣẹ, epo yẹn á sì lọ máa lẹ̀ mọ́ inú táǹkì. Ẹ se ọbẹ̀ yín nílé, ẹ gbé e sí firísà, ẹ kàn máa gbé e kaná, tẹ́ ẹ bá jẹun tán ẹ fi tíṣù nu abọ́ kẹ́ ẹ tó fomi kàn án.

Táǹkì méjì ló ń gba ìdọ̀tí: ọ̀kan fún omi abọ́ àti ìwẹ̀, ọ̀kan fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé táǹkì omi abọ́ yẹn sábà máa ń kéré ju ti omi mímọ́ lọ, òun ló máa kọ́kọ́ kún, omi mímọ́ á ṣì wà, ẹ̀yin ò sì ní rí ibi da ti ìdọ̀tí sí. Tó bá kún tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ihò báfù padà wọlé. Kẹ́ ẹ wá ní aṣálẹ̀ ni, ẹ ó lọ dà á sílẹ̀? Ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, òfin ò gbà á níbikíbi, ti omi abọ́ náà, ọ̀pọ̀ ibi lòfin ti kà á léèwọ̀, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn léèyàn.

Ti iná, kò pọ̀. AC ò ní ṣiṣẹ́ lórí bátìrì inú ọ̀pọ̀ RV tí wọ́n ń háyà, jẹnẹrétọ̀ lẹ máa tàn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé November sí March ni kẹ́ ẹ lọ. Àmọ́ òtútù á mú yín lálẹ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ aṣálẹ̀ tàn yín. Hítà inú RV, gáàsì ló fi ń gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáànù tó ń fẹ́ ooru ẹ̀ jáde, bátìrì ló ń lò, tí bátìrì bá kú láago mẹ́ta òru, hítà kú nìyẹn, bí gáàsì tiẹ̀ kún. Ẹ má wá tan sítóòfù láti fi yáná o, kẹ́ ẹ sì má páàkì kí èéfín jẹnẹrétọ̀ máa fẹ́ sí fèrèsé. A ti gbọ́ ọ tó ní Nàìjíríà, ìdílé tó tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tílẹ̀ ò mọ́ bá wọn, èéfín olóró kan náà ni, carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Ẹ tẹ alámù carbon monoxide tó wà nínú RV wò níwájú ẹni tó háyà á fún yín, tí ò bá dún, ẹ má gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹ wo táyà náà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà létí ẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà DOT, tẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà RV kì í sábà jẹ tán, oòrùn ló ń pa á láti ẹ̀gbẹ́, ojú ẹ̀ á tutù bíi tuntun síbẹ̀ á ti gbẹ. Ẹni tó bá ti ra táyà tòkúnbọ̀ rí á mọ ohun tí mò ń wí.

Wàyí o, ibi tẹ́ ẹ máa páàkì. Ẹ ó rí ilẹ̀ kan tó tẹ́jú, iyanrìn ẹ̀ mọ́ fínfín, igi díẹ̀ tó ṣíji bò ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ ó ní ibi tó dáa jù rèé. Wash ni wọ́n ń pè é, ojú odò tó gbẹ ni, odò ló sì tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Òjò lè rọ̀ sórí òkè tó jìnnà sí yín dáadáa, kí ojú ọ̀run tiyín mọ́ kedere, kẹ́ ẹ sì kàn gbọ́ tí omi ń bọ̀. June 15 sí September 30 ni wọ́n ń kà sí àsìkò òjò monsoon ní Arizona, ṣùgbọ́n òjò ìgbà òtútù náà ń ṣe é. Omi tó ń ṣàn tó ga ní ínǹṣì 12 péré lè gbé ọ̀pọ̀ mọ́tò, Arizona tiẹ̀ ní òfin kan pé tẹ́ ẹ bá wakọ̀ kọjá ibi tí wọ́n gbé bárìkéèdì sí, tí omi wá há yín mọ́bẹ̀, ẹ lè san owó àwọn tó wá yọ yín, ó lè tó $2,000. Orí ilẹ̀ líle tó ga díẹ̀ lẹ máa páàkì sí, ẹ sì kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn ín kẹ́ ẹ tó wakọ̀ wọ̀ ọ́, torí RV wúwo, iyanrìn á gbé e mì, owó ẹni tó máa wá fà á jáde kì í ṣe kékeré. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín dáadáa, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ò gbà kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ wọn gba ọ̀nà tí ò ní ọ̀dà, àwọn kan ò sì gbà kẹ́ ẹ gbé e lọ Death Valley, aṣálẹ̀ kan ní California, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, níbẹ̀ ni ooru ti dé 56.7°C lọ́dún 1913.

Fún rírìn, ẹ lọ Palm Canyon ní Kofa National Wildlife Refuge, ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹranko igbó. Láti Quartzsite ẹ gba US 95 lọ sí gúúsù bíi máìlì 18, ẹ wá yà sí ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ bíi máìlì méje (ẹ rántí ìwé àdéhùn yẹn o, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi mọ́tò kékeré lọ). Ìrìn ẹ̀ ò ju ààbọ̀ máìlì lọ, àmọ́ òkúta ni gbogbo ẹ̀. Lókè pátápátá, nínú pàlàpálá òkúta, ẹ ó rí àwọn ọ̀pẹ tó hù síbẹ̀ fúnra wọn, kì í ṣe ọ̀pẹ elépo, California fan palm ni. Oòrùn kì í dé inú ibẹ̀ àfi ọ̀sán gangan, torí náà ìgbà òtútù nìkan ni mo lè ní kẹ́ ẹ lọ wò ó lọ́sàn-án, tó bá jẹ́ ìgbà ooru ni, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó má ju aago mẹ́wàá lọ tẹ́ ẹ fi padà.

Ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí kan lẹ máa gbé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá ti mu ún dé ìdajì, ẹ yí padà, ibi yòówù kẹ́ ẹ dé. Ẹ jẹ nǹkan oníyọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀pà oníyọ̀ tàbí kúlíkúlí, torí omi lásán láìsí iyọ̀ náà lè dá èèyàn gúnlẹ̀. Ẹ mú òòyà dání: káktọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ cholla, díẹ̀ ló máa kàn yín, gbogbo ẹ̀gún ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ yín lára, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ fà á ó kó sọ́wọ́, òòyà lẹ máa fi gbọ̀n ọ́n dànù. Ní ti ejò tẹ́ ẹ ń béèrè, ẹ má tọwọ́ bọ ibi tójú ò rí, ẹ gbọn bàtà yín láàárọ̀ nítorí àkeekèé, ó tán. Ihò tí wọ́n ti wa góòlù látijọ́ ló ń bà mí lẹ́rù ju ejò lọ, orúkọ Kofa fúnra ẹ̀ ti ara ibi ìwakùsà King of Arizona wá, ẹ má wọ ọ̀kankan nínú wọn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣàìsí. iPhone 14 sókè lè pe ìrànlọ́wọ́ látorí sátẹ́láìtì, síbẹ̀ ẹ sọ fún ẹnì kan nílé ibi tẹ́ ẹ páàkì sí àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé, tí mọ́tò bá sì bà jẹ́, ẹ má fẹsẹ̀ rìn kúrò nídìí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ẹ sun oorun méjì àkọ́kọ́ ní La Posa nítòsí omi. Láràárọ̀, ẹ wo ibi tí omi mímọ́ àti ìdọ̀tí wà lára mítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ẹ ó ti mọ iye ọjọ́ tí táǹkì lè gbé yín, ìgbà yẹn lẹ tó lè lọ síbi tí ò ti sí nǹkan kan.