Ẹ yẹ ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín wò kẹ́ ẹ tó wọgbó

Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo bá ń mú kiri nínú igbó ọba, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé àwọn lè já ewé, ṣé àwọn lè ṣa èso tó bọ́ sílẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí ìbéèrè yẹn torí ó fi hàn pé wọn ò fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ mú jáde kọ́ ló ń kọ mí lóminú jù, ohun tẹ́ ẹ gbé wọlé ni, ìyẹn hóró koríko tó lẹ̀ mọ́ aṣọ àti bàtà yín, tẹ́ ẹ ò sì mọ̀ pé ẹ gbé e.

Ẹ jẹ́ ká mú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 péré ni, ilé sì ti yí i ká. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, tó bá sì di oṣù kẹjọ tí wọ́n ń ṣọdún Ọ̀ṣun, èrò á rọ́ wá láti ibi gbogbo, títí kan Brazil àti Cuba. Nínú èrò yẹn, ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́nà Ìbàdàn láti tọ̀, tó wọ inú koríko ìṣẹ́jú méjì péré, èèmọ́ ti dì mọ́ ọn nìyẹn, á sì bá a dé ẹnu ọ̀nà igbó.

Ẹ mú hóró abẹ́rẹ́ olóko, ọ̀kan lára àwọn koríko tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, sọ́wọ́ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Ó dúdú, ó tín-ín-rín, orí ẹ̀ ní ìwo méjì tàbí mẹ́ta, ara ìwo yẹn tún wá ní ẹ̀gún kéékèèké tó dojú kọ ẹ̀yìn bíi ti ìwọ̀ ẹja, ìdí nìyẹn tó fi ń yára wọ aṣọ àmọ́ tí yíyọ ẹ̀ máa ń gba wàhálà. Irun ẹranko ló yẹ kó lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n jíìnsì àti okùn kánfáàsì wa ò yàtọ̀ sí irun ẹranko lójú tiẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo dé láti ibi iṣẹ́, mo tú okùn bàtà mi, mo yí ìbọ̀sẹ̀ mi sódì, ohun tí mo ká lára wọn kún àtẹ́lẹwọ́ mi.

Àwọn onímọ̀ ṣe irú ẹ̀ ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé, láàárín 2007 sí 2008, wọ́n fi ẹ̀rọ fa hóró lára aṣọ, bàtà àti báàgì àwọn tó ń wọ ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá hóró lára wọn, ká pín in dọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé bíi 9 sí 10, tàwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àtàwọn òṣìṣẹ́ sì pọ̀ ju tàwọn tó wá ṣe fàájì lọ. Nítorí náà àwa tá a ń mú yín kiri gan-an wà nínú ẹ̀.

Ṣé gbogbo hóró tó bọ́ ló máa hù? Rárá o. Abẹ́ igi ńlá ṣókùnkùn, ewé Akíntọ́lá, táwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ò lè ráyè níbẹ̀ torí oòrùn ló fẹ́. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ tí ẹnì kan bá yà kúrò lójú ọ̀nà torí fọ́tò, ẹlòmíì á tẹ̀ lé e, kò ní pẹ́ tí ọ̀nà kejì á fi là, wọ́n á ti tẹ àwọn igi kéékèèké pa, ilẹ̀ á le gbagidi, òjò ò ní wọlé mọ́, oòrùn á wá rí àyè wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni hóró tẹ́ ẹ gbé wá ń dúró dè. Tí ewé Akíntọ́lá bá ti bo ibẹ̀, èéhù ìrókò ò ní rí ìmọ́lẹ̀, tó bá sì dọ̀gbẹlẹ̀, ewé yẹn á gbẹ, iná lásán ló kù. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló sì ti wá o, ọwọ́ èèyàn ló bá dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun tí mo fẹ́ràn ní Lekki Conservation Centre, ọgbà igbó tó wà ní Èkó, ni pé kò sáyè láti yà kúrò lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Orí pákó lẹ̀ ń rìn, ẹsẹ̀ yín ò kan ilẹ̀ igbó, afárá òkè tó gùn tó mítà 401 tún wà níbẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ má fún ọ̀bọ ní búrẹ́dì. Ọ̀bọ ló ń bá igbó gbin igi, ó á jẹ èso níbí, ó á lọ yàgbẹ́ hóró ẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn, igi tuntun á hù níbẹ̀. Tó bá ti mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ló ń wá lọ sínú igbó? Èso á kàn máa jábọ́ sábẹ́ ìyá ẹ̀, kó máa jẹrà níbẹ̀. Gúáfà tẹ́ ẹ jù sí i tún burú jù, torí hóró gúáfà náà á bá a wọgbó. Ní erékùṣù Galápagos, tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Ecuador ní Gúúsù Amẹ́ríkà, gúáfà táwọn èèyàn gbé débẹ̀ ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ igi ìbílẹ̀, torí irú nǹkan báyìí ni wọ́n sì fi ń tú báàgì àlejò wò báyìí kó tó wọlé.

Ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan sínú mọ́tò, kẹ́ ẹ fi ha ìsàlẹ̀ bàtà kẹ́ ẹ tó sọ̀, kẹ́ ẹ tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò tẹ́ ẹ ká. Èèmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ, ẹ má gbọ̀n ọ́n dà sí gbàgede o, inú ọ̀rá ni kẹ́ ẹ kó o sí, tẹ́ ẹ bá délé kẹ́ ẹ dáná sun ún.