Bí Bátànì Tí Kò Lójú Ìsopọ̀ Ṣe Dé Orí Kọ̀ǹpútà

Ẹ tẹ́ ankara yáàdì mẹ́fà sílẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa: àwòrán kan náà ló ń padà wá léraléra, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ aṣọ ni àwọn ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà ti jogún ohun tí wọ́n ń pè ní seamless pattern, ìyẹn bátànì tí kò lójú ìsopọ̀. Àìtó nǹkan ló sì bí i.

Kí ẹ̀rọ tó dé, igi ni wọ́n ń gbẹ́ àwòrán sí. Wọ́n á fi aró kùn ún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, wọ́n á sún un síwájú, wọ́n á tún un tẹ̀. Irú ọgbọ́n yìí náà ni àwọn ọkùnrin tó ń ṣe àdìrẹ onípáànù ní Abẹ́òkúta ń lò: wọ́n á gé bátànì sára páànù, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi lẹ́kọ gba ojú ihò rẹ̀. Etí ni gbogbo wàhálà wà. Bí etí òsì kò bá bá etí ọ̀tún mu, ìlà á hàn.

Ní 1783, Thomas Bell ará Scotland gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń fi rólà bàbà tẹ aṣọ. Rólà kò níbẹ̀rẹ̀, kò lópin. Bó ṣe ń yí ni àwòrán ń jáde, bí àyíká rẹ̀ bá sì ṣe tó ni àwòrán á ṣe gùn tó kó tó padà wá. Ní Helmond, ní Netherlands, níbi tí Pieter Fentener van Vlissingen ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1846, rólà bàbà ni wọ́n padà ń fi tẹ oje sí ojú àti ẹ̀yìn ankara, kí aró má bàa wọ ibẹ̀.

Nígbà tí Macintosh, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Apple, jáde ní 1984, mẹ́mórì ló wọ́n. Ojú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì (àwọn àmì tóótòòtó tó ń para pọ̀ di àwòrán) 512 níbùú, 342 lóòró, dúdú tàbí funfun. Àwòrán tó kún ojú náà á gba báìtì 21,888, bẹ́ẹ̀ kìlóbáìtì 128 ni gbogbo mẹ́mórì ẹ̀rọ náà. Bill Atkinson, tó kọ QuickDraw àti MacPaint, àwọn ètò tí ẹ̀rọ náà fi ń yàwòrán, lo bátànì píksẹ́lì 8 sí 8. Báìtì 8 péré! Ẹ̀rọ á tò ó nígbà 64 láti etí kan dé èkejì. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tó dára tó bátànì bíríkì tí wọ́n fi píksẹ́lì 64 yà.

Netscape 1.1, ètò tí wọ́n fi ń wo ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé e débẹ̀ ní 1995. Módẹ́ẹ̀mù ìgbà náà ń fà bí ìgbín, nítorí náà àwòrán kékeré kan tí wọ́n gbé wá lẹ́ẹ̀kan á bo gbogbo ojú ìwé. Àwòrán mábù àti ìràwọ̀ kún ibi gbogbo débi pé ọ̀rọ̀ orí wọn ṣòro láti kà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. O ya fọ́tò ògiri, o gé e ní píksẹ́lì 512 sí 512. Nínú Photoshop, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, o ní kí Offset, irinṣẹ́ tó ń sún àwòrán, sún un ní 256 sọ́tùn-ún àti 256 sísàlẹ̀, kí èyí tó bá jáde lápá kan wọlé lápá kejì. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á pàdé láàárín, ìlà bí àgbélébùú á yọ. O fi Clone Stamp, irinṣẹ́ tó ń da apá kan fọ́tò kọ sórí apá mìíràn, pa á rẹ́. Etí tuntun kò ní da ọ́ láàmú, torí àárín fọ́tò ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n bí àbàwọ́n dúdú kan bá kù, yóò máa yọjú léraléra, ojú á sì mú un kíá. Ìyẹn ń ba texture, ìyẹn àwòrán ojú nǹkan bí ògiri yìí, jẹ́ ju ìlà lọ.

Ní Oṣù Kejìlá 1996, ìlànà àkọ́kọ́ fún CSS, èdè tí wọ́n fi ń ṣe ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lọ́ṣọ̀ọ́, jáde pẹ̀lú àṣẹ background-repeat, tó ń sọ bóyá àwòrán á máa padà wá níbùú, lóòró, tàbí kó má padà wá rárá. Títí dòní, bí ẹni tó kọ ojú ìwé náà kò bá sọ nǹkan kan, ṣe ni ẹ̀rọ á tò ó títí tí ojú ìwé á fi kún.