Bí A Ṣe Ń Ṣọ̀fọ̀ Ni Ọjọ́ Òfin Ń Lọ

Obìnrin náà jókòó níwájú tábìlì mi, ó gbé ọ̀rá dúdú kan lé itan, ó sì ń yọ ohun inú rẹ̀ síta lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kó ẹyin. Káàdì ilé ìwòsàn. Rìsíìtì ẹ̀jẹ̀ páìńtì méjì tí wọ́n sáré lọ rà lóru. Bébà pélébé tí dókítà kọ orúkọ oògùn sí. Fóònù ọkọ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti sán. Ilé ìwòsàn ìjọba ni ọkọ ọ̀hún ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kan tí gbogbo ilé kà sí kékeré. Ọjọ́ kẹta ló kú. Nọ́ọ̀sì kan ló yọ́ sọ fún ìyàwó ní kọ̀rọ̀ pé ìtọ́jú tí wọ́n fún un kò tọ́.

Mo mú bébà, mo kọ ọjọ́ mẹ́ta sí i: ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ ikú, àti ọjọ́ tí a wà yẹn. Oṣù 4 àti ọjọ́ 16 ló wà láàárín èyí àkọ́kọ́ àti èyí ìkẹyìn. Mùsùlùmí ni obìnrin yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú opó oṣù 4 àti ọjọ́ 10 tí ẹ̀sìn rẹ̀ là kalẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ mi sì wà lára ibi tó kọ́kọ́ yà sí. Mo ṣàlàyé fún un pé oṣù 3 péré ni òfin fún un láti pẹjọ́. Ó wò mí títí.

“Lọ́yà, ṣé òfin ò mọ̀ pé inú opó ni mo wà ni?”

Mi ò rí èsì kan fún un. A kọ̀wé ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà àwọn dókítà, nítorí wọ́n lè bá dókítà wí, wọ́n sì lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í san owó fún opó níbẹ̀, ọmọ mẹ́ta sì ni ọkùnrin náà fi sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí kò tíì sí òkú nílẹ̀.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n ti gbọ́ pé ẹjọ́ ìpànìyàn kì í gbó. Òótọ́ ni. Bí ẹnìkan bá pa èèyàn lónìí, tí ọwọ́ kò sì tẹ̀ ẹ́ títí di ọdún 25 sí i, ìjọba ṣì lè gbé e dé iwájú adájọ́. Àmọ́ ẹjọ́ ìjọba nìyẹn, ìyà ọ̀daràn ni wọ́n sì ń bá kiri níbẹ̀, kì í ṣe owó iléèwé ọmọ òkú. Ẹjọ́ tí ẹbí fúnra wọn ń pè, tí wọ́n fi ń béèrè owó ìtanràn nítorí pé àìbìkítà ẹnìkan ló pa èèyàn wọn, ìyẹn ló ní gbèdéke. Mo ti rí ẹbí tó jókòó ti ọlọ́pàá fún ọdún mẹ́rin, tí wọ́n rò pé bí ìyẹn bá parí làwọn á tó béèrè owó. Ìkíní kò dá ìkejì dúró rárá.

Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn pàápàá, gbèdéke kan fara pamọ́ tí àwọn èèyàn kò mọ̀. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù jogún sọ ní abala 314 pé bí ẹni tí wọ́n ṣe léṣe kò bá kú láàárín ọdún kan àti ọjọ́ kan, a kò ní kà á sí pé ẹni tó ṣe é léṣe ló pa á. Wọ́n á lè fi ẹ̀sùn ìṣeniléṣe kàn án, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìpànìyàn. Ìlú Ọba ni èrò yìí ti wá, láti ayé tí kò sí ẹ̀rọ tó lè máa bá aláìsàn mí fún oṣù mélòó kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti fagi lé e ní 1996. Ó yẹ kí àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Òfin tó gba ẹjọ́ mọ́ opó yẹn lọ́wọ́ ni Òfin Ìdáàbòbò Òṣìṣẹ́ Ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ nítorí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ohun tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe, oṣù 3 ló ní. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì ti sọ ọ́ ní 1998, nínú ẹjọ́ Ibrahim àti àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ní Kaduna, pé kì í ṣe èèyàn ẹlẹ́ran ara nìkan ni òfin náà bò, ó bo iléeṣẹ́ àti àjọ ìjọba náà. Nítorí náà, bóyá dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ni o, bóyá awakọ̀ tírélà kánsù ni o, bóyá òṣìṣẹ́ tó fi wáyà iná sílẹ̀ lórí omi ni o, lọ́yà wọn á kọ́kọ́ ka oṣù sí yín lọ́rùn kó tó dáhùn ohunkóhun mìíràn.

Ẹ wo ibi tó ti le jù: ọjọ́ tí àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀ ni òfin yìí ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ní oṣù kìíní, tí aláìsàn wá jẹ̀rora títí ó fi kú ní oṣù kẹta, èmi kì í fi ọkàn mi lé ọjọ́ ikú. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni mo máa ń kà. Àwọn àyè kan wà tí òfin náà kò ti lè gba ẹnikẹ́ni là: bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti àdéhùn, bí ìpalára náà bá ṣì ń bá a lọ, tàbí bí òṣìṣẹ́ náà bá mọ̀ọ́mọ̀ hùwà ìkà tí kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ru ẹrù ẹ̀rí, ẹrù náà sì wúwo. Irú òfin yìí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893 fún èèyàn ní oṣù 6, wọ́n sì ti sọ ọ́ nù láti 1954. Tiwa ṣì wà níbẹ̀, oṣù 3 rẹ̀ kò yẹ̀, ó sì ń dùn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí ẹni tó dé lọ́jọ́ kẹrìnléláàádọ́rùn-ún.

Bí ó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá tàbí sọ́jà ló yìnbọn pa èèyàn yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí oṣù 3 yìí dẹ́rù bà yín. Abala 33 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Lábẹ́ ìlànà ìfẹ̀tọ́múlẹ̀ ti 1979, oṣù 12 lèèyàn ní láti béèrè ẹ̀tọ́ tí wọ́n tẹ̀ lójú. Ìlànà tuntun ti 2009 ti yí i padà: ó sọ gbangba ní Abala Kẹta (Order III) pé kò sí òfin gbèdéke kankan tó lè ta bá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí, ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ní ọdún 6 sẹ́yìn ṣì lè wá. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sáré fi aṣọ yìí wọ gbogbo ẹjọ́. Adájọ́ á wo ohun tó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Bí gbòǹgbò náà bá jẹ́ ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí àìbìkítà, tí a kàn fi orúkọ ẹ̀tọ́ bò ó lójú, yóò lé e dànù, ọjọ́ tí ẹ̀ bá fi pe ẹjọ́ gidi á sì ti lọ.

Ìjàǹbá tó jẹ́ ti aládàáni ńkọ́, bí i dánfó, ilé tó wó, ilé ìwòsàn àdáni? Ní Èkó, ọdún 3 láti ọjọ́ ikú ni ẹbí ní lábẹ́ òfin ìjàǹbá apànìyàn. Ọkọ tàbí aya, ọmọ, àti òbí ló sábà máa ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí ní 1846, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń pa èèyàn. Kó tó dìgbà náà, ẹni tí wọ́n ṣẹ́ lápá lè gba owó, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ kò lè gba kọ́bọ̀. Ọdún 3 dún bí ẹni pé ó gùn. Kì í gùn. Ẹbí á kọ́kọ́ jà lórí ta ni yóò gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún, ẹ̀gbọ́n olóògbé á ní òun ni, ìyàwó á ní òun ni, ọdún kan á ti bọ́ sínú ìyẹn.

Ẹni tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà sì rọrùn ju ilé ẹjọ́ lọ nítorí pé kò pọn dandan kí ẹ fi hàn pé ẹnìkan jẹ̀bi. Òfin Owó Ìtanràn Òṣìṣẹ́ ti 2010 ló ṣe é, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF ló sì ń san án. Láàárín ọjọ́ 14 ni kí ẹbí sọ fún agbanisíṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ létí. Láàárín ọdún kan sí ọjọ́ ikú ni kí fọ́ọ̀mù ti wọlé. Bí ìdí pàtàkì bá wà, àjọ lè gba ti ẹni tó pẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ọdún 3. Opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù olóògbé, lóṣooṣù. Mo mọ àwọn tí iléeṣẹ́ kó owó ìsìnkú lé lọ́wọ́, tí wọ́n dúpẹ́, tí wọ́n lọ, tí wọn kò gbọ́ rárá pé àjọ bẹ́ẹ̀ wà.

Ti bàálù kò gba àwáwí kankan. Ọdún 2 ni, láti ọjọ́ tó yẹ kí bàálù náà gúnlẹ̀. Àdéhùn Montreal ti 1999, àdéhùn àgbáyé lórí ìrìn-àjò bàálù, tí orílẹ̀-èdè wa ti sọ di òfin, ló fi í lélẹ̀, ó sì kan ìrìn-àjò abẹ́lé pẹ̀lú. Nígbà tí bàálù Dana já lulẹ̀ ní Ìjú-Ìṣàgá ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2012, èèyàn 153 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè. Ẹbí èrò ọkọ̀ tí kò bá tíì pẹjọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2014, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti pa rẹ́. Òfin ìgbà náà tún ní kí iléeṣẹ́ bàálù kọ́kọ́ san ó kéré tán 30,000 dọ́là Amẹ́ríkà láàárín ọjọ́ 30. Gbígba owó àkọ́kọ́ yẹn kò ní kí ọdún 2 náà má sáré.

Èyí ló gbé mi dé ibi tí wọ́n ti ń fi sùúrù gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹbí. Aṣojú iléeṣẹ́ á wá sílé òkú pẹ̀lú àpò ìrẹsì méjì àti àpòòwé funfun. Á dọ̀bálẹ̀. Á ní, “Màmá, ọ̀rọ̀ ẹbí nìyí, ẹ má jẹ́ ká dé kóòtù. Ọ̀gá wa rìnrìn àjò, tí wọ́n bá dé lóṣù tó ń bọ̀, a máa jókòó.” Oṣù tó ń bọ̀ á dé, wọ́n á tún pe ìpàdé mìíràn. Àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ fẹ́ san án lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ọ́ ní 1994, nínú ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC, pé ìdúnàádúrà kì í dá ọjọ́ òfin dúró. Ìgbà tí ẹ bá wá dé ilé ẹjọ́ tán, iléeṣẹ́ kan náà ni yóò bọ́ síta wí pé ẹ ti pẹ́ jù. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi ìwé ẹjọ́ sílẹ̀ ní rẹ́jísírì kọ́ọ̀tù ná, kí òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, ká tó máa lọ jókòó sí ìpàdé wọn. Adájọ́ kì í ṣe ìṣirò tó le: láti ìgbà ẹjọ́ Egbe àti Adefarasin ní 1987, ọjọ́ tí ẹ sọ nínú ìwé pé ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ ni yóò mú, yóò fi wé ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀, ó parí.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun: ibi tí ikú ti ṣẹlẹ̀ ni ẹ máa wò. Ní Ìlú Ọba, ọdún 3 ni láti ọjọ́ ikú tàbí ọjọ́ tí ẹbí mọ ohun tó fà á, adájọ́ sì lágbára láti ṣàánú ẹni tó pẹ́. Ní New York ní Amẹ́ríkà, ọdún 2 ni. Ní Tennessee níbẹ̀ náà, ọdún 1 péré. Ẹni tó ń gbé ní Peckham, tí bàbá rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kó má fi òfin London ka ọjọ́, nítorí pé bó bá tiẹ̀ rọ́nà gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbèdéke ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ni adájọ́ yẹn yóò sábà lò.

Ní ti òkú fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí nira fún mi láti sọ, mo sì mọ̀ pé ó nira láti gbọ́. Bí ẹ bá fura sí ohun tó pa á, ẹ béèrè àyẹ̀wò òkú kí ẹ tó sin ín. Ní Èkó, òfin àwọn kọ́rónà (coroner), ìyẹn àwọn tí òfin yàn láti wádìí ohun tó pa èèyàn, ti wà láti 2007 tó fi àyè gba ìwádìí lórí irú ikú bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ìwé ìtọ́jú aláìsàn ní kíkọ, kì í ṣe ní ẹnu, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ fi béèrè. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ yan ẹnìkan nínú ẹbí, àbúrò olóògbé tàbí ọmọ tó ti dàgbà, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní jẹ́ àsè sísè tàbí aṣọ ẹbí, bí kò ṣe ìwé nìkan.

Opó kò sì gbọdọ̀ rò pé ilé tí òun wà ti dí òun lọ́nà. Lọ́yà lè wá bá yín nílé. Mo ti jókòó sí pálọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí opó wà lẹ́yìn aṣọ títa, tí a ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà dé ìlà. Ìbúra nìkan ló lè mú un jáde, nítorí iwájú òṣìṣẹ́ ìbúra ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn álúfà tí mo bi ní ẹni tó ní ọ̀ràn pàtàkì lè jáde lójúmọmọ, kó padà sùn sílé rẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ kan gbé ìyá rẹ̀ tó wà nínú opó wá sí kọ́ọ̀tù ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ìyá náà búra, ó buwọ́ lù ú, wọ́n lu òǹtẹ̀. Kí wọ́n tó ki ìrun àìlà, ó ti padà sílé. Ọjọ́ kọkànléláàádọ́rin ni.