Ọwọ́ tó ń gbọ̀n: ìgbà wo ni?

Ìyá kan láti Ìjerò fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́ọ̀bù omi tí nọ́ọ̀sì gbé fún un. Kó tó dé ẹnu, ìdajì ti dà sí ìró. Ọmọ rẹ̀ sáré nu ún, ó ń wojú mi bíi pé kí n má rò pé ọtí ni. Ìyá ọ̀hún kì í fẹnu kan ọtí. Nígbà tó gbé ọwọ́ padà sórí itan, mo wò ó dáadáa: ó dúró jẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìkọ̀lé, jókòó sórí àga yẹn. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e ń ra ara wọn bí ẹni tó ń ka owó, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ń ṣe. Mo na bírò sí i. Bó ṣe mú un, gbígbọ̀n náà dẹwọ́. Mo ní kó kọ orúkọ rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ṣeé kà, ẹ̀kẹta ti kéré bí ẹsẹ̀ eèrà.

Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti ìyá ni àwa dókítà ń pè ní essential tremor: ìgbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́ ló ń gbọ̀n. Ó lè mú orí mì, ó lè mú ohùn gbọ̀n. Ó sábà máa ń wà nínú ẹbí, ó sì wọ́pọ̀ ju èkejì lọ.

Ti tíṣà ni Parkinson, tí James Parkinson, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé lé lórí ní 1817. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń pèsè dopamine, èròjà tó ń jẹ́ kí ara gbọ́ràn sí wa lẹ́nu. Wọ́n ń kú díẹ̀díẹ̀. Kí ìka tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀pọ̀ ti lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Ara á le, ẹsẹ̀ á máa wọ́lẹ̀, bọ́tìnnì ẹ̀wù á di wàhálà. Àwọn kan tilẹ̀ ní in tí ọwọ́ wọn ò gbọ̀n rárá.

Ẹmu ló ń da ọ̀rọ̀ rú nílẹ̀ Èkìtì wa. Ẹni tó ní irú ti ìyá yẹn lè mu ife kan kí ọwọ́ rọlẹ̀. Ará ilé á ní ọtí ló ń mú un gbọ̀n, òun á ní ọtí ni oògùn òun. Bí ọtí bá dá lójú, gbígbọ̀n á padà, ó lè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Oògùn propranolol là ń lò fún irú gbígbọ̀n yìí, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ní asima.

Wèrèpè ńkọ́? Òótọ́ ni pé levodopa, oògùn Parkinson, wà nínú èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ iye tó wà nínú ẹ̀kún ọwọ́ kan? Ẹ má gún un mu. Ẹni tó bá ń lo levodopa gan-an, kó lò ó ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ, nítorí ẹran àti mọ́ínmọ́ín máa ń bá a du ọ̀nà wọ inú ara.

Gẹ̀gẹ̀, àìtó ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ àti oògùn asima náà lè mú ọwọ́ gbọ̀n. Nítorí náà, kí ẹ tó wá sí ọsibítù, yálà ní Adó tàbí Ìdó, ẹ fi fóònù ya fídíò méjì nípa ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n: ọwọ́ lórí itan nígbà tí ẹ bá ń bá a tàkúrọ̀sọ, àti ọwọ́ tó ń gbé kọ́ọ̀bù omi. Ẹ má sọ fún un pé ọwọ́ lẹ ń yà.